Downton Abbey: gbogbo wa ń bú Thomas, ta ló ń bi Lord Grantham léèrè?

Ẹ̀kọTútù
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo parí eré tẹlifíṣọ̀n Downton Abbey lánàá. Sáà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, apá 52, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú mi pọ́n bí ẹyin iná. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún fi ohùn Carson, olórí ìránṣẹ́ inú eré náà, pe òun wá jẹun, òun á kó ẹrù òun lọ sílé bàbá òun.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ITV ló ń gbé e jáde ní Britain láti 2010 títí di ọjọ́ Kérésì 2015. Ìdílé Crawley, ọlọ́lá ilẹ̀ Yorkshire, wà lókè, àwọn ìránṣẹ́ wọn wà nísàlẹ̀. Oṣù kẹrin 1912 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, ìròyìn dé pé ọkọ̀ Titanic rì, àrólé ilé náà sì bá a lọ. Lord Grantham, Robert, kò bí ọmọkùnrin. Mary, Edith àti Sybil ló bí. Ni ilé, ilẹ̀, oyè, títí kan owó tí ìyàwó rẹ̀ Cora gbé wá láti Amẹ́ríkà, bá di ohun tí ìbátan kan tó jìnnà, Matthew, lọ́yà láti Manchester, máa jogún.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí tẹ́lẹ̀. Thomas, ìránṣẹ́ ọkùnrin inú ilé náà, burú. O'Brien, ìránṣẹ́ Cora, burú. Mary gbéra ga. Mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ta ló da owó Cora sínú iṣẹ́ ojú irin Canada títí ó fi wọmi? Robert. Ta ló ń fẹnu ko Jane ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́nu nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn? Robert. Ta ló gbé dókítà olóyè wá kó wá pa Sybil? Robert! Thomas jí wáìnì, ẹ fẹ́ sọ ọ́ lókùúta. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá ilé, torí pé ó ń rẹ́rìn-ín dáadáa tó sì fẹ́ràn ajá, ẹ ò rí i sọ.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Ẹ dákun, ẹ ní kí ló ṣe Sybil? Sáà kejì ni mo wà o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń retí kí òun àti dírẹ́bà yẹn sá lọ ni.

Ẹ̀kọTútù
Yéè. Má bínú. Àmọ́ láti 2012 ni wọ́n ti sin ín, àbúrò mi. Tètè jáde níbí, nítorí ohun tó kù níwájú burú ju ìyẹn lọ.

BàbáDàbírí
Ẹ̀kọTútù, o ò ṣe dáadáa sí ọkùnrin yẹn.

Ta ló gba Bates, ìránṣẹ́ rẹ̀, síṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dá, nígbà tí gbogbo ìsàlẹ̀ ń kùn pé ẹni tó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn ò lè gbé àwo oúnjẹ? Nígbà tí ojú Mrs Patmore ń bàjẹ́ lọ, tí kúùkù ń bu iyọ̀ sí ibi tó yẹ kó bu ṣúgà, ta ló rán an lọ sí London láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú? Mi ò tíì rí kúùkù tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní àdúgbò tèmi. Àti Archie, ọmọ àbúrò Mrs Patmore, tí àwọn ológun England fúnra wọn yìnbọn pa pé ó ṣojo lójú ogun. Wọn ò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ìrántí abúlé. Robert ló ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ sára ògiri. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú.

Thomas tí o ń gbèjà rẹ̀ náà, nígbà tó wọ yàrá Jimmy, ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lóru tó fẹnu kò ó lẹ́nu lójú oorun, òfin England ìgbà yẹn ìbá jù ú sẹ́wọ̀n. Ọlọ́pàá ti dé ẹnu ọ̀nà. Robert ló bẹ Alfred, ìránṣẹ́ tó pè wọ́n, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Èèyàn rere tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá tó ni. Kì í ṣe ìkà.

Àdùkẹ́Ìjẹ̀ṣà
Bàbá, "èèyàn rere tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá tó" gan-an ló ń tú ilé ká, ìkà ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa Jane.

BàbáDàbírí
Ti Jane, mi ò lẹ́nu ẹ̀.

Abẹ́rẹ́Leeds
Agbẹ̀bí ni mí, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Mi ò lè wo apá tí Sybil kú yẹn tán lẹ́ẹ̀kan. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo lọ fọ abọ́, mo tún padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. 1920 ni. Dókítà Clarkson, dókítà abúlé tó mọ ọmọ yẹn láti kékeré, rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dà rú. Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó rí i pé purotéènì ti ń bọ́ sínú rẹ̀. Sir Philip Tapsell, dókítà àwọn ọlọ́lá tí Robert mú wá láti London, ní kò sóhun tó ṣe é, pé ọrùn ẹsẹ̀ àwọn obìnrin mìíràn nípọn bẹ́ẹ̀. Clarkson ní ká gbé e lọ sí ọsibítù, ká ṣiṣẹ́ abẹ, ká gbé ọmọ jáde kíá. Robert gbọ́ ti Tapsell. Sybil bí obìnrin, gbogbo ilé ń yọ̀, oníkálukú lọ sùn. Òru ni gìrì mú un.

Eclampsia nìyẹn, gìrì aláboyún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ó lè mú obìnrin lẹ́yìn tó ti bímọ tán, tí ìyá ọkọ ti ń dá orúkọ lábẹ́lẹ̀. Lónìí a ní magnesium sulphate tí à ń fà sí wọn lára kí gìrì má bàa wá, a sì ní oògùn tó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń yọ aboyún lẹ́nu pé "ẹ tọ̀ sínú ike yìí" nìyẹn. Wọ́n rò pé mo kàn fẹ́ràn ìtọ̀ ni.

Nítorí náà, lójú tèmi Tapsell ló jẹ̀bi. Ẹni tó rú mi lójú ni Violet, ìyá Robert. Lẹ́yìn ìsìnkú, Cora ò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá lọ bá Clarkson, ó ní kó sọ fún wọn pé bí wọ́n tilẹ̀ ṣe é bó ṣe wí, ó ṣeé ṣe kí Sybil kú náà. Clarkson sọ ọ́. Tọkọtìyàwó dì mọ́ra wọn, ẹkún gba ẹnu wọn. Irọ́ ni? Ìdajì irọ́ ni, nítorí kò dá Clarkson fúnra rẹ̀ lójú pé iṣẹ́ abẹ á gbà á là. Ọkọ kan bi mí ní ìbéèrè yẹn rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Mi ò parọ́ fún un. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re.

Ẹ̀kọTútù
Ẹ ṣeun gan-an, Nọ́ọ̀sì. Mo kó "pa" jẹ. Àmọ́ kí ló dé tó fi gbọ́ ti Tapsell? Oyè ló gbọ́, kò gbọ́ àlàyé. Ẹ tún wò ó, Violet ló rán wọn létí pé Tom, ọkọ ọmọ, ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Tom, ọmọ Ireland, dírẹ́bà wọn àná, Sir kan lọ́tùn-ún, Lord kan lósì, àtàrí ìyàwó rẹ̀ ń fọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀?

Abẹ́rẹ́Leeds
Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Mò ń rí Tom ní wọ́ọ̀dù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ wa ni wọ́n.

OníÌdíIgi
Ẹ fi ti dókítà sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu látìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ogún yẹn. Ọmọ mẹ́ta gbáko jókòó sínú ilé, wọ́n ń wá àrólé kiri Manchester bíi ẹni ń wá ewúrẹ́ tó já. Nílé wa, bí bàbá bá kú, ìdí-igi là ń ṣe, ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀. Bí ìjà bá dé, orí-ò-jorí, kálukú ọmọ á mú tirẹ̀. Obìnrin inú wọn náà á gbà. Mary ìbá ti mú ilé òkè, Edith ìbá mú oko, kò ní sí ìtàn láti wò.

Àdùkẹ́Ìjẹ̀ṣà
OníÌdíIgi, ẹ má tíì yọ̀. Ìyàwó ńkọ́ nínú ìdí-igi yín? Ẹ jẹ́ kí Cora dé Òkè-Ìmẹ̀sí kó wá ní òun fẹ́ bá wọn pín ohun ọkọ òun.

OníÌdíIgi
Ẹ ti mú mi.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Julian Fellowes tó kọ eré yìí, Emma Kitchener ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin yẹn ni Earl Kitchener kẹta. Ó kú ní 2011, kò bí ọmọ. Oyè kú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí obìnrin ò lè jẹ ẹ́. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tó fi sẹ́nu Mary, ó ń gbọ́ ọ nílé ara rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ya eré náà, Highclere ní Hampshire, bí ìtàn Cora ló rí: Almina tó fẹ́ Earl Carnarvon karùn-ún, owó àwọn Rothschild, ìdílé olówó báńkì, ló gbé wọlé. Nígbà ogun 1914, obìnrin yẹn sọ ilé náà di ọsibítù fún àwọn sójà, bí ẹ ṣe rí i nínú sáà kejì. Owó Almina yìí náà wà lára ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ń wa ilẹ̀ ní Íjíbítì kí wọ́n tó rí ibojì Tutankhamun ní 1922. Robert tiwa ò rí ibojì ọba kankan, ojú irin ló rí.

ỌmọKejì
Ẹ ti ń fẹ́ fò mí o. Ta ló ní kí a yanjú Robert kí a tó yanjú Mary?

Èmi ni àárín nínú obìnrin mẹ́ta, nítorí náà ẹ má retí ìdájọ́ òdodo lọ́wọ́ mi. Edith lèmi. Wọ́n bí i, kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí. Sir Anthony Strallan fẹ́ dẹnu kọ ọ́, Mary lọ sọ fún un pé Edith ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin yẹn padà wá, ó dé iwájú pẹpẹ, ó ní òun ò ṣe mọ́. Lórí pẹpẹ! Aṣọ funfun lọ́rùn! Ó tún rí Gregson, Gregson ní ìyàwó tó ya wèrè, ó lọ sí Jámánì kó lè rọ́nà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn jàǹdùkú Hitler pa á ní Munich, ó fi oyún Marigold sílẹ̀ fún Edith. Ṣé orí ni àbí oríta?

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó rí Bertie tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Mary jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ àárọ̀, ó tú àṣírí Marigold, ọmọ ìkọ̀kọ̀ yẹn. Ìbínú kọ́, ìlara ni.

Àdùkẹ́Ìjẹ̀ṣà
ỌmọKejì, kí o tó ya aṣọ: ta ló kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ aṣojú Turkey pé lórí bẹ́ẹ̀dì Mary ni Pamuk, àlejò ará Turkey, kú sí? Edith rẹ yìí kọ́? Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀! Lẹ́tà lórí ìwé tó dáa, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, kò dé pẹpẹ.

Mary ò dáa, mo mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tó bí ọmọ fún Matthew, ọjọ́ yẹn gan-an ni mọ́tò dojú Matthew délẹ̀. Ọjọ́ Kérésì 2012 ni wọ́n gbé e jáde ní Britain. Ẹbí mi ń gé kéèkì lọ́wọ́, gbogbo wa dá ọ̀bẹ dúró. Obìnrin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, kí ẹnu rẹ̀ korò díẹ̀.

ỌmọKejì
Ẹnu rẹ̀ ti korò kí Matthew tó kú.

BàbáDàbírí
Hẹn-ẹn. Ó tọ́ láti gbà pé ó ti korò tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́Ìjẹ̀ṣà
Bàbá, ẹ̀yin náà?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Mo padà. Mo ti kà á tán. MATTHEW NÁÀ?

Ẹ̀kọTútù
Mo ní kí o jáde.

OníÌdíIgi
Kí n fi ọ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú: ọṣẹ O'Brien. Ẹ̀rù bà á pé Cora fẹ́ lé òun, ó taari ọṣẹ sí ibi tí obìnrin aboyún yóò ti tẹ̀ ẹ́, ó rìn kúrò, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, ó fẹ́ padà lọ gbé e. Ó ti pẹ́. Ọmọkùnrin ni oyún náà, àrólé tí wọ́n ń wá! Bẹ́ẹ̀ Cora kò tilẹ̀ rò ó láti lé e. Mi ò rí ìránṣẹ́ tó ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ, Ẹ̀kọTútù. Robert tirẹ ò mọ̀ọ́mọ̀.

Ẹ̀kọTútù
O'Brien, mo fi í lé yín lọ́wọ́, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó mú un ṣe é. Bí wọ́n bá lé e láìsí ìwé ẹ̀rí, kò ríṣẹ́ mọ́ ní gbogbo England. Òun ò ní ilé. Yàrá kan lábẹ́ òrùlé ló ní, ilé olówó ni yàrá yẹn náà.

ÒdeÒDùn
Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka tiyín láti àárọ̀. Ẹ ti pe orúkọ gbogbo èèyàn, títí kan ajá, ẹ ò pe Mrs Drewe.

Ìyàwó àgbẹ̀ ni, oko Yew Tree, ilẹ̀ ìdílé Crawley ni wọ́n ń dá. Edith bí Marigold ní ìkọ̀kọ̀, ó kọ́kọ́ fi í sọ́dọ̀ tọkọtìyàwó kan ní Switzerland, ó tún lọ gbà á padà, ó wá gbé e fún àwọn Drewe. Ọkọ mọ̀ pé ọmọ Lady Edith ni. Ìyàwó ò mọ̀. Wọ́n ní ọmọ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú ni. Ó wẹ̀ ẹ́, ó pọ̀n ọ́n ní ọ̀nà tiwọn, ó fi í kún ọmọ tirẹ̀. Edith ń wá wò ó lójoojúmọ́ títí ilé àgbẹ̀ fi gbóná. Ọjọ́ tó wù ú, ó wọlé pẹ̀lú ìwé ìbí, ó gbé ọmọ lọ. Mrs Drewe dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké.

Lẹ́yìn náà, ó rí ọmọ níbi ìpàtẹ ẹran, ó fà á lọ́wọ́, ó gbé e lọ sílé. Kò ṣe é ní nǹkan kan, wọ́n bá a lórí àga tó gbé e mọ́ àyà. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn Drewe ló kó kúrò lórí ilẹ̀ tí bàbá àti bàbá bàbá wọn ti ń dá. Oko náà bọ́ sọ́wọ́ Mr Mason, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan, gbogbo wa sì yọ̀ torí pé a fẹ́ràn Mr Mason.

ỌmọKejì, mo mọ̀ pé Edith jìyà. Ẹ sọ fún mi ta ló san án.

ỌmọKejì
Mo ti kọ èsì ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ń pa á rẹ́. Ọmọ tirẹ̀ ni ṣá.

ÒdeÒDùn
Mo mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ ni.

ÀgbàPeckham
Mi ò kí í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Èyí ni mo fẹ́ dá sí.

London ni wọ́n bí mi, 1966. Ìwé ni bàbá mi ń kà, ìyá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, yàrá kan ni wọ́n háyà. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó, wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, ìdílé kan á kọ̀wé pé àwọn á gbà á, wọ́n á máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo pé oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Kent. Mo wà níbẹ̀ títí mo fi pé ọdún mẹ́fà. Àwọn òbí mi ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú bisikíìtì. Mo máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn àga.

1972, wọ́n wá mú mi, à ń lọ sí Ìbàdàn. Mi ò gbọ́ Yorùbá kankan. Obìnrin yẹn dúró lẹ́nu géètì. Mi ò rí i pé ó ké bí ti Mrs Drewe, ó kàn di géètì mú ni. Èmi ni mo ń ké.

Mi ò bínú sí ìyá mi. Ó jìyà, ó ń fi òru ṣiṣẹ́, ó ń sanwó yẹn láìyẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wá mú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo rí Edith pẹ̀lú ìwé ìbí lọ́wọ́, ìyá mi ni mo rí. Nígbà tí mo rí èkejì lẹ́nu ọ̀nà, mo dìde, mo ní mo ń lọ gbé omi kaná. Àwọn ọmọ mi rò pé tíì ń gbẹ mí lọ́fun.

Abẹ́rẹ́Leeds
Ẹ kú ìrántí, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ padà rí i?

ÀgbàPeckham
Lẹ́ẹ̀kan. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti wá kàwé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ láìkọ̀wé ṣáájú. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ orúkọ. Ó gbé tíì wá, ó bi mí bóyá mo ṣì kórìíra ẹ̀wà inú agolo. Ọkọ rẹ̀ ń gé koríko lẹ́yìnkùlé, kò wọlé rárá, ó ń gé ibi tó ti gé.

BàbáDàbírí
Hmm.

Ẹ̀kọTútù
Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ariwo, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ.

ÀgbàPeckham
Dìde, jàre. Padà sí orí Robert rẹ. Ní ti owó ojú irin, BàbáDàbírí á ṣì rí nǹkan sọ. Ní ti Jane, ìwọ lo jàre.